Omi, lésà àti ọmọ SS: ìdí tí dókítà fi ń pariwo “mu omi”

Obìnrin kan tó ń ta ata ní Mile 12, tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Ikosi, dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. “Bọ̀dá oníròyìn, ẹ bá mi dá a lóhùn o. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọmọ mi lọ sọ́síbítù, omi, omi ni dókítà ń pariwo. Ṣé omi ló máa wo SS ni?”

Mi ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo lọ kà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ dà bíi Mile 12 láàárọ̀ tí ọkọ̀ ata ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Hímóglóbínì, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, nǹkan bíi gíráàmù 33 nínú mílílítà 100. Alárù tó lè sáré ní títì Ketu lóru, títì ni yóò máa ti ara ẹ̀ kọjá nínú ọjà yẹn. Àwọn onímọ̀ ń fi lésà wọn irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi àwọ̀ tó ń tàn sára èròjà inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi lésà pa ìmọ́lẹ̀ ojú ibi bíńtín kan, wọ́n á wá máa fi maikirosikóòpù wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó rìn wá síbẹ̀, kí ibẹ̀ tún tàn.

Ti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tún wá burú sí i. Bí hímóglóbínì tiẹ̀ bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, wọ́n á so mọ́ra wọn bí okùn, sẹ́ẹ̀lì á le, á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan kékeré. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í so lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́dún 1974, William Eaton àti James Hofrichter ní Bethesda, Amẹ́ríkà, rí i pé ìdúró díẹ̀ máa ń wà kí okùn tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1982, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn wọn ìdúró náà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi carbon monoxide (gáàsì jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn yẹn náà ni o) sára hímóglóbínì, wọ́n fi lésà lé e kúrò, wọ́n sì ń ka àkókò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti gba inú iṣan tóóró kọjá kí ìdúró náà tó pé, kò sí wàhálà.

Ibi tí omi ti wọlé rèé. Bí omi ara bá dín kù, èrò inú sẹ́ẹ̀lì á fún pọ̀. Bí hímóglóbínì bá fi ìdá 5 péré nínú 100 ki sí i, ìdúró yẹn lè já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá ro ọmọ tó ń ṣeré nínú oòrùn Lagos.

Oògùn Oxbryta, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2019, fẹ́ kí hímóglóbínì di ọ́síjìn rẹ̀ mú kó má baà so. Ní September 2024, Pfizer kó o kúrò lọ́jà gbogbo àgbáyé. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n fi ọmọ 236 ṣe, tí Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà wà lára orílẹ̀-èdè tó kópa, ọmọ 8 kú lára àwọn tó lò ó, 2 kú lára àwọn tí wọn ò fún ní ojúlówó. Èmi ò ní kí wọ́n má ṣe ìdánwò níbí. Àwa la ní ọmọ SS jù láyé. Ohun tó ń dùn mí ni pé hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí láti 1998, tó ń jẹ́ kí ìdúró yẹn gùn sí i, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ìyá ṣì fi ń rà á. Kí Ìpínlẹ̀ Èkó kó ìyẹn sí ìlera alábọ́ọ́dé ná, ká tó sọ̀rọ̀ oògùn tuntun.

Mo ṣàlàyé fún ìyá náà. Ó mi orí. “Ó ń mumi nílé. Nílé ìwé ni kì í mu. Ìtọ̀ máa ń gbọ̀n ọ́n jù, tíṣà ò sì ń jẹ́ kó jáde.”

Òótọ́ ni, àrùn náà ń ba kíndìnrín jẹ́, ìtọ̀ wọn máa ń pọ̀. A jọ kọ lẹ́tà sí tíṣà náà lálẹ́ Sunday, ọmọ ọ̀hún ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ ní Monday.