Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a fi òwe yìí wo Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975. Èèyàn ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Nàìjíríà. Síbẹ̀, títí di ọdún 2025, ibi mẹ́ta ni wọ́n ní nínú ìwé ogún àgbáyé Àjọ UNESCO. Méjì nínú wọn, àjọni pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wọn ni. Méjì péré ni tiwa: Sukur (1999) àti Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo (2005).

Kì í ṣe pé a pẹ́ dé o. Ọdún 1974 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ogún àgbáyé, Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí i ní 1982. Ṣùgbọ́n UNESCO kì í wá ogún ẹnikẹ́ni kiri. Ìjọba tó ni nǹkan ni yóò kọ àlàyé rẹ̀, tí yóò sì ṣèlérí àtitọ́jú rẹ̀.

Ẹ wo ààfin àwọn ọba Abomey. Ìjì ba ilé amọ̀ náà jẹ́ ní 1984. Ní 1985, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé, wọ́n sì kà á mọ́ èyí tó wà nínú ewu. Àtúnṣe ò dúró títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú ewu ní 2007. Ọdún 22 gbáko!

Èyí tó kàn wá jù ni Gèlèdé, tí àwọn Yorùbá Kétu àti ará agbègbè wọn fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí. Bẹ̀nẹ̀ ló ṣáájú, Nàìjíríà àti Tógò tì í lẹ́yìn, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001. Èdè Yorùbá ni orin rẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ìjọba tó ń fi Faransé ṣiṣẹ́ ló gbé orin Yorùbá síwájú ayé.

Àmọ́ ìwé kì í kọrin. Bí ọmọ Kétu kò bá gbọ́ orin Gèlèdé mọ́, orúkọ lásán ni yóò kù.

Àwa ńkọ́, ní Amuro àti káàkiri ilẹ̀ Okun? Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń hun aṣọ pupa ní Bùnú fún ìsìnkú àwọn olóyè. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti fojú rí i? Mélòó ló ń fi èdè ilé kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ lọ bá ìyá àgbà. Ẹ ní kí wọ́n kọ orin kan fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é gan-an, ẹ má yí i sí Yorùbá ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní kíláàsì. Ohun tí a kò tọ́jú nílé, ta ni yóò bá wa gbé e ròde?