Òkun Ni Tàbí Ọ̀sà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ibi Tí A Ó Ti Lo Ìsinmi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́, ìsinmi gígùn tún ń bọ̀, àríyànjiyàn tí a máa ń ṣe lọ́dọọdún sì ti bẹ̀rẹ̀ ní yàrá ìjẹun. Àwọn kan ní Labadi ni àwọn ń lọ, níbi tí òkun gbangba ti ń hó. Àwọn mìíràn ní àwọn yóò wọ ọkọ̀ ní Tudu, kí ó gbé àwọn lọ sí Ada Foah, níbi tí omi ti dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ó sùn. Ọmọ Gánà, ọmọ Tógò, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wa, etíkun kan náà ni ó sì so ilẹ̀ wa pọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kàn wá bákan náà. Èrò tèmi ni pé kí a máa lọ wo òkun, ṣùgbọ́n ọ̀sà ni kí a máa wẹ̀. Gbogbo omi tí ilẹ̀ tàbí òkúta dáàbò bò ni mo ń pè ní ọ̀sà níhìn-ín, ìbáà jẹ́ ẹnu odò.

Ẹni tí kò bá mọ Tudu, kí ó mọ̀ pé àdúgbò kan ni ní àárín Accra, nítòsí ọjà Makola. Àwọn Yorùbá oníṣòwò ti pẹ́ ní agbègbè náà, kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Láti ìdíkọ̀ Tudu ni ọkọ̀ ti ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn: Ada, Keta, Aflao. Ọ̀nà Ada tó nǹkan bí 110 kìlómítà, Labadi kò sì jìnnà sí àárín ìlú rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé owó ọkọ̀ Ada wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, n kò ní bá a jiyàn.

Ohun tí ó mú Ada yàtọ̀ ni pé omi méjì ni ó ní. Odò Volta ń ṣàn bọ̀ láti àríwá, òkun wà ní gúúsù, ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan sì wà láàárín wọn. Ní ìhà kan ìgbì ń bú ramúramù. Ní ìhà kejì omi tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì ń fi ọkọ̀ kékeré ṣeré lórí rẹ̀.

Kí ni ó dé tí òkun wa fi ń hó tó bẹ́ẹ̀? Etíkun wa kọjú sí gúúsù, kò sì sí ilẹ̀ ńlá kankan tí ó dínà láàárín wa àti agbami Àtìláńtíìkì tí ó lọ títí dé ẹkùn yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé. Ìjì tí ń jà níbẹ̀ ni ó ń rán ìgbì sí wa, ìgbì náà a sì rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó fọ́ sí iyanrìn wa. Ìdí nìyí tí òkun fi lè máa ru ní ọjọ́ tí ewé kankan kò mì ní Accra. Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ̀ ọ́n. Kí a tó ṣí èbúté Tema ní 1962, ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀ Accra; ọ̀nà jíjìn ni yóò dúró sí, àwọn atukọ̀ yóò sì fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá lọ kó èrò àti ẹrù. Àwọn ará Lomé ní tiwọn dúró di 1968 kí wọ́n tó ní èbúté ńlá. Òkun kì í hó ruru, kí a wà á ruru, ni àwọn àgbà wí.

Ṣùgbọ́n ìgbì tí ń pariwo kọ́ ni ó léwu jù. Omi tí ìgbì bá gbé wá sí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. A máa wá ọ̀nà, a máa gba àárín òkè iyanrìn méjì kọjá, a sì máa ṣàn lọ sí agbami bí odò. Ní ojú ọ̀nà yìí ìgbì kì í fọ́ púpọ̀, nítorí pé omi ibẹ̀ jìn ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Àjèjì yóò dé, yóò wò ó, yóò wí pé, “Ibí yìí ni omi ti dákẹ́,” ibẹ̀ gan-an ni yóò sì wọ̀. Ẹni tí omi náà bá gbé, tí ó sì dojú kọ ilẹ̀ tí ó ń bá a jà, àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́gun rẹ̀. Ó yẹ kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa wẹ̀ lọ ní ìbámu pẹ̀lú etíkun títí yóò fi bọ́ nínú ìṣàn náà, lẹ́yìn náà kí ó wá ilẹ̀. Bí agbára rẹ̀ kò bá tó o, kí ó léfòó, kí ó sì na ọwọ́ sókè kí a lè rí i.

Ó rọrùn láti kọ sínú ìwé. Mélòó nínú wa ni ó lè ṣe é? Púpọ̀ nínú wa dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Tamale, ní Sokodé, ní Parakou, níbi tí ènìyàn lè dàgbà láìfi ojú kan òkun. Ní Labadi, àwọn òmùwẹ̀ wà tí a fi ṣọ́ etíkun, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọlidé tí èrò bo iyanrìn bí eéṣú, ojú mélòó ni yóò ṣọ́ gbogbo orí tí ó wà nínú omi?

Àkókò ìsinmi wa tún dá kún un. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ni, ìgbà tí ìgbì máa ń ga, tí omi tútù sì ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà. Inú àwọn apẹja a máa dùn, nítorí ìgbà náà ni ẹja sáwá ń pọ̀. Ẹni tí ó rò pé òkun ilẹ̀ olóoru kì í tutù, kí ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ní oṣù kẹjọ. Ìgbà ọyẹ́, nítòsí Kérésìmesì, sàn díẹ̀.

Àwọn ará Èkó yóò ní àwọn kò nílò Ada, nítorí pé àwọn ní Tarkwa Bay. Òótọ́ ni, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní mímọ̀. Ní 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ògiri òkúta ẹnu èbúté Èkó. Àwọn ògiri náà fún Tarkwa Bay ní omi pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún dí iyanrìn tí òkun ń kó láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Bar Beach, tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà, òkun sì ń ya wọ ìgboro Victoria Island lemọ́lemọ́. Lónìí ilẹ̀ àtọwọ́dá Eko Atlantic ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń gbádùn ní Tarkwa Bay, Bar Beach ni ó ti bá a san owó rẹ̀. Àwọn ará Barbados kò ní irú wàhálà yìí: ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù wọn pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀, ìhà ìlà-oòrùn sì le.

N kò sọ pé ọ̀sà kò ní ìkà tirẹ̀. Lẹ́yìn tí a sé Odò Volta ní Akosombo ní 1965, ìkún omi ọdọọdún tí ń fọ ìsàlẹ̀ odò náà dáwọ́ dúró. Koríko omi hù, irú ìgbín kékeré kan tí ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá kiri sì pọ̀ sí i láàárín koríko náà. Iyọ̀ òkun kì í jẹ́ kí ìgbín yìí gbilẹ̀ ní ẹnu odò. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ wẹ̀ ní ìhà òkè, níbi tí omi kò ti ní iyọ̀. Ẹ má sì wẹ̀ ní ibi tí odò àti òkun ti pàdé gan-an, nítorí pé ìṣàn ibẹ̀ lágbára púpọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń fi mí ṣẹ̀sín pé omi àwọn arúgbó ni mo fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Èmi pẹ̀lú fẹ́ràn láti jókòó sí Labadi ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín, kí afẹ́fẹ́ òkun máa fẹ́ sí mi. Ohun tí mo ń rò ni pé olùkọ́ ni a fẹ́ dà. Láìpẹ́ a ó kó ogójì ọmọ ọlọ́mọ lọ sí etí omi, àwọn ìyá wọn yóò sì máa wo ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́. Ní etí odò Ada, olùkọ́ lè yan ibi tí omi kò ju orúnkún lọ, kí ó sì ka orí àwọn ọmọ rẹ̀ pé. Ní etí òkun gbangba, ìgbì kan lè yí gbogbo ìṣirò rẹ̀ padà.

Ẹni tí ó bá sì pinnu pé Labadi ni òun ń lọ dandan, kí ó lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn apẹja Gá kì í wọ òkun ní ọjọ́ náà. Orí iyanrìn ni yóò ti bá wọn, tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Kí ó kí wọn bí ó ti yẹ, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó sì bi wọ́n léèrè ibi tí omi ń gbà padà lọ ní ọjọ́ náà.