Ẹ Dán Sọ́fítíwíà Wò Kí Ó Tó Dán Ọmọ Wò

Sí gbogbo òbí, olùkọ́ àti onílé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó gbà pé àjọ òun ṣàṣìṣe, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn jẹ́ 379,997, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ti ṣàtúnṣe sí sọ́fítíwíà ìdánwò, àmọ́ àtúnṣe náà kò dé orí sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ibùdó ìdánwò ní àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni máàkì ń jáde lọ. Ariwo àwọn ọmọ àti òbí ló jẹ́ kí wọ́n padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n fi ní kí àwọn ọmọ wá tún ìdánwò ṣe.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kan WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ti gbé èsì jáde kí wọ́n tó rí i pé ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì ìbéèrè alámùúyàn ti Gẹ̀ẹ́sì kò bá ìwé ìbéèrè tí àwọn ọmọ kan gbà mu. Àwọn tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, jẹ́ 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96.

Àjọ ńlá nìyẹn o, tí wọn kò ṣaláìní onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ta ló ń yẹ ti ilé ẹ̀kọ́ tiwa wò? Sọ́fítíwíà ló ń ro máàkì pọ̀ báyìí, òun ló ń tẹ rípọ́ọ̀tù káàdì, òun ló ń ka owó ilé ẹ̀kọ́, òun náà ló ń tọ́jú orúkọ, fótò àti àdírẹ́sì ọmọ. Ẹni tó tà á gbé láàpútọ́ọ̀pù wá, ó fi ibi tó dára hàn, wọ́n sanwó, ó parí. Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yìí ń bèèrè: kí ilé ẹ̀kọ́ kankan má fi sọ́fítíwíà ṣe ìdájọ́ ọmọ, àfi èyí tí olùkọ́ àti òbí bá ti jọ dán wò, tí wọ́n sì ń tún dán wò lọ́dọọdún.

Ìdánwò kìíní: ṣé ìṣirò rẹ̀ péye?

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó wọlé ní táàmù kejì. Ó gba 68 ní táàmù yẹn, ó gba 72 ní táàmù kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140. Bí a bá pín in sí méjì, ó di 70. Bí sọ́fítíwíà bá wá ka táàmù kìíní, tí ọmọ náà kò sí níbẹ̀, sí òdo, yóò pín 140 sí mẹ́ta, yóò sì kọ 46.67. Níbi tí wọ́n ti fi 50 ṣe òdiwọ̀n ìgòkè, ọmọ tó mọ̀wé yìí yóò tún kíláàsì ṣe. Káàdì náà á mọ́ tónítóní, á ní òǹtẹ̀, òbí kò sì ní rí ohun tó máa fi fura.

Nítorí náà, ẹ mú kíláàsì kan. Kí olùkọ́ fi ọwọ́ ro máàkì wọn, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Ẹ fi ọmọ tuntun sí i, ẹ fi ẹni tó ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò sí i, ẹ fi àwọn méjì tí máàkì wọn dọ́gba sí i. Ẹ tẹ orúkọ tó ní ẹ, ọ àti ṣ sí i pẹ̀lú; bí Ṣẹ́gun bá jáde ní “??gun”, kí ẹni tó tà á lọ tún un ṣe kó tó gbowó.

Ìdánwò kejì: ta ló ń ṣọ́ àṣírí ọmọ?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn olè fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n jí wọ inú sọ́fítíwíà PowerSchool, tí ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n sì kó àkọsílẹ̀ ọmọ lọ. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú Toronto sọ pé ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ àwọn tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ láti 1985 wà nínú ohun tí wọ́n kó. Àwọn kan nínú wọn á ti di òbí báyìí.

Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ yìí ti wà láti 2023. Ó ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá ti gba àṣẹ. Ó sì fún ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí, bí olè bá jà á lọ́nà tó lè ṣàkóbá fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bi ẹni tó ń tà: ibo ni àkọsílẹ̀ wà? Ta ló lè rí i? Ìgbà wo lẹ máa pa á rẹ́? Bí a bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣé a ó lè kó o lọ? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé àdéhùn.

Ìdánwò kẹta: ṣé ó bá ibi tí a wà mu?

Kíláàsì ọmọ 40 tó ń ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì 12, pẹ̀lú CA méjì àti ìdánwò kan, máàkì 1,440 ni àwọn olùkọ́ yóò tẹ̀. Bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì já, ṣé ohun tí wọ́n ti tẹ̀ ṣì wà? Ta ló ń ra dátà? Tó bá jẹ́ àpò olùkọ́ ló ti ń jáde, ilé ẹ̀kọ́ ti sọ owó náà di gbèsè sí olùkọ́ lọ́rùn. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì níwájú ẹni tó ń tà, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò mọ òfin ìgòkè ilé ẹ̀kọ́ yín, kò sì mọ ọmọ tó dé ní táàmù kejì. Àwọn mìíràn á ní owó kò sí. Kíláàsì kan, ìwé máàkì kan àti kakulétọ̀ kò gba owó rẹpẹtẹ. Ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké tó wà ládùúgbò kan náà lè jọ ṣe é, kí wọ́n sì jọ dúnàádúrà. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹ̀yin òbí, ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé: ìgbà wo lẹ dán sọ́fítíwíà yín wò kẹ́yìn, àwọn ta ló sì wà níbẹ̀? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ yan olùkọ́ méjì àti òbí méjì níbẹ̀ kí ìpàdé tó tú, kí ẹ dá ọjọ́ tí wọ́n máa jábọ̀, kí wọ́n sì lẹ àbọ̀ náà mọ́ ara pátákó níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Títí wọn yóò fi jábọ̀, kí wọ́n má ṣe torí ohun tí kọ̀ǹpútà nìkan kọ ní kí ọmọ kankan tún kíláàsì ṣe.