Ẹja Tí Ń Rùn ní Ilé Oúnjẹ Kòríà: Ṣé Kí Àlejò Jẹ Ẹ́ Ni Tàbí Kí Ó Kọ̀ Ọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan tí ó ti ìrìn-àjò Kòríà dé ń bú ẹja tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan níbẹ̀. Ó ní bí òórùn rẹ̀ ti kan òun báyìí, òun fi ọwọ́ bo imú, òun sì sáré jáde. Àwọn tí wọ́n pè é wá jẹun ń wo ara wọn lójú. Ní tèmi, ohun tí ó ṣe kò dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Hongeo ni wọ́n ń pe ẹja náà. Ẹja òkun ni, ó rí pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ìrù rẹ̀ sì gùn. Ní agbègbè Jeolla ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kòríà Gúúsù, ní Mokpo àti ní Naju, ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí wọ́n ti máa ń jẹ ẹ́ jù lọ, wọn kì í dín in, wọn kì í sì í sè é. Inú ìkòkò ni wọ́n ń tò ó sí láàárín koríko ìrẹsì, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ yúríà tí a ń lò fún ajílẹ̀. Èròjà yìí gan-an ni ó kún inú ẹran ara hongeo, òun ni kì í jẹ́ kí omi iyọ̀ òkun fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ẹja náà bá kú, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ yúríà di amóníà. Amóníà yìí ni ó ń rùn bí ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tí ń ba ẹja jẹ́ ráyè wọlé. Nítorí náà, ẹja tí imú yín ń pè ní rírà kò rà rárá.

Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé láti erékùṣù Heuksan ni ọkọ̀ ti máa ń kó ẹja lọ sí èbúté Yeongsanpo ní Naju láyé àtijọ́. Ọ̀nà jìn, ẹja yòókù á ti bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jẹ hongeo kò ṣàìsàn. Ọ̀mọ̀wé kan wà tí ń jẹ́ Jeong Yak-jeon, tí ìjọba lé kúrò nílùú ní 1801 nítorí ẹ̀sìn Kátólíìkì. Erékùṣù yìí ni ó gbé títí ó fi kọ ìwé kan lórí àwọn ẹja ibẹ̀ ní 1814, ó sì ti sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ará Naju fẹ́ràn ẹja náà nígbà tí ó bá kan. Títí di òní, àsè ìgbéyàwó tàbí ti òkú tí kò ní hongeo kì í kún ojú àwọn ará Jeolla. Ti Heuksan sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó ti Chile àti Argentina wá ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń tà.

Bí ẹ bá jókòó sí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dúró kí àgbà tí ó wà níbẹ̀ gbé ṣíbí tirẹ̀. (Èyí kò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá.) Wọ́n á gbé àwo kan wá tí nǹkan mẹ́ta wà nínú rẹ̀: hongeo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ àti kimchi tí ó ti pẹ́, èyí tí í ṣe ewébẹ̀ oníyọ̀ àti ata tí wọ́n jẹ́ kí ó kan. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ẹnu fa èémí, kí ẹ sì tú u gba imú. Yóò ta yín ní àjà ẹnu, imú tí ó dí á ṣí, omi á sì lé sí yín lójú. Ọ̀rá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò rọ ọ́ lójú. Ọtí ìrẹsì tí ó funfun bí ẹmu ni àwọn àgbà fi ń sìn ín lọ sísàlẹ̀.

Ta ni nínú wa tí ó lẹ́nu láti bú wọn? Nílé tí a ti tọ́ mi, a máa ń se irú, a ó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, àlejò tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á máa wá ibi tí òkú ẹran wà lẹ́yìn ilé. Síbẹ̀ a kò lè jẹ ọbẹ̀ ilá tí kò ní irú kí a tẹ́ ọwọ́ lọ́rùn. Ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí n dárúkọ ògìrì.

Àwọn kan á sọ pé kò sí ẹni tí ó yẹ kí á fi tipátipá fún lóúnjẹ. Òótọ́ ni, mo sì gbà pẹ̀lú wọn lórí oúnjẹ kan tí àwọn ará Kòríà ń pè ní sannakji. Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni. Wọ́n á gé ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á ta òróró yànmọ̀tí sí i, wọ́n á sì gbé e wá nígbà tí ó ṣì ń yí kiri nínú àwo. Abẹ́ ẹsẹ̀ náà kún fún ẹnu kéékèèké tí ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ó ti há àwọn kan lọ́fun, wọ́n sì kú. Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná kí ó má fọwọ́ kàn án, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n hongeo kì í pa ẹni. Ọ̀pọ̀ ará Kòríà fúnra wọn ni kò lè jẹ ẹ́, nítorí náà kì í ṣe kíkọ̀ ni mo bá arìnrìn-àjò yẹn wí sí bí kò ṣe ọwọ́ tí ó fi bo imú. Ì bá mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó fi kimchi bò ó, kí ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́ lára, ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi nínú àwo kéékèèké wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi ojú rẹ̀ ì bá pa àwọn tí ó pè é lẹ́rìn-ín, òun náà ì bá sì bá wọn rẹ́rìn-ín.