Òkété Méjì, Oko Kan

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Lọ́yẹ́ tó kọjá, wọ́n tiná bọ igbó lábúlé wa nítorí òkété méjì péré. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó wọ oko kòkó bàbá mi. Kòkó tó ń gbà tó ọdún mẹ́rin kó tó so!

Wọ́n ní àṣà ni. Irọ́ gbuu! Àwọn baba wa a máa ro ààlà oko yíká, wọ́n á dúró dìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, wọ́n á ké sẹ́ni tí wọ́n jọ pààlà, kí wọ́n tó ṣáná. Lọ́dún 1983 tí ọ̀dá dá, iná jó kòkó tiwa, ó jó ti Gánà. A ò kọ́gbọ́n.

Ẹ délé lọ́lidé yìí, ẹ sọ fún wọn. Ẹni tó bá tún ní àṣà ni, kó wá fàṣà san owó iléèwé mi jàre.