‘Gáàsì ti tán’: gbólóhùn kan tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di ti gbogbo ayé lẹ́nu àwọn tí ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ṣe: ‘Gáàsì rẹ̀ ti tán.’ (Ọkọ̀ kì í ṣe ilé, ṣùgbọ́n ‘amúlétutù’ ti rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀.) Èrò tèmi ni pé gbólóhùn náà kò tọ̀nà, àti pé àwa olùkọ́ àti ògbufọ̀ tí ń gbà á sínú ìwé láìyẹ̀ ẹ́ wò ń dá kún àṣìṣe.

‘Tán’ yẹ epo pẹtiróòlù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì a máa jó o. Gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀pá tí a dí pa ni ó ń yí po: ó ń gba ooru inú ọkọ̀ bí ó ti ń di oru, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fún un pọ̀, ó sì ń tú ooru náà sílẹ̀ níwájú rédíétọ̀ bí ó ti ń padà di olómi. Kò sí ohun tí ń jẹ ẹ́. Bí ó bá dín, ó jò ni. Òótọ́ ni pé nínú ọkọ̀ àtijọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ a máa gba ara rọ́bà jáde láàárín ọdún púpọ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe títán.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘tán’ yóò ní kí a rọ òmíràn sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘jò’ yóò béèrè ojú ibi tí ó ti ń jò. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Òróró tí ń mú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yọ̀ a máa bá gáàsì rìn. Ẹni tí ń rọ gáàsì lọ́dọọdún láìdí ihò lè máa pàdánù òróró náà títí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò fi há, tí kò ní í yí mọ́. Owó rẹ̀ kò kéré.

Ìṣòro kan wà ṣá: ‘jò’ ti ní iṣẹ́ mìíràn. Bí omi bá ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, a ó gbọ́ pé ‘éésì ń jò’. Omi yìí kì í ṣe àrùn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó dì sára irin tútù, bí ó ti ń ṣe lára ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú fíríìjì. Mo dábàá pé kí omi máa ‘kán’, kí òróró máa ‘sun’, kí a sì fi ‘jò’ sílẹ̀ fún gáàsì nìkan. Ojú kì í rí gáàsì. Òróró tí ó sun, tí eruku sì lẹ̀ mọ́, ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Ibẹ̀ ni amọṣẹ́ ń kọ́kọ́ wò: ìdí ọ̀pá tí ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, òrùka rọ́bà oríkèé, ẹnu ibi tí a ń gbà rọ gáàsì, àti kọ̀ǹdẹ́nsọ̀ tí òkúta ojú ọ̀nà ń bà níwájú. A ó fi ìfófó ọṣẹ sí i, bí ó bá ń wú, a ti rí i. Bí ihò bá kéré jù, a ó lo àwọ̀ tí ń tàn lábẹ́ iná ultraviolet. Fífa inú ẹ̀rọ di òfìfo lè fi hàn pé ihò wà. Kò lè sọ ibi tí ó wà.

‘Gáàsì’ pàápàá kò tó. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe ti ìdáná, R-12 àti R-134a. R-12 ni ó wà nínú ọkọ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1994; àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ni ó lé e kúrò nítorí ìpele òsóònù. R-134a kò ba òsóònù jẹ́, ṣùgbọ́n láàárín 100 ọdún, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé móoru ní nǹkan bí ìlọ́po 1,400 ti káábọ́ọ̀nù dáọ́ksáìdì. Nítorí náà mo fẹ́ kí a máa pè wọ́n ní ‘agbóoru’, kí nọ́ńbà wọn sì máa tẹ̀ lé e.

Wọn yóò ní mẹkáníìkì kì í ka ìwé wa. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń kà á, àwa ni a sì ń kọ ọ́ fún wọn.