Ìyẹ́ Apá Ọmọ Ọ̀dọ̀

Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ọnà tí kò bá jọ ohun tí ojú ń rí kò wúlò. Bí oníṣẹ́ ọnà bá gbẹ́ ènìyàn tí ó hu ìyẹ́, wọn a ní irọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ìwé D. O. Fágúnwà mọ̀ pé iwin àti ẹbọra a máa sọ òtítọ́ tí ó wúwo lẹ́nu ènìyàn. Ní ọdún 1924, André Breton gbé ìwé kan jáde ní ìlú Paris, ó ní àlá àti ohun tí ojú rí lè para pọ̀ di ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àlọ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí Peju Alatise ṣe ní ọdún 2016, tí ó pè ní Flying Girls, èyíinì ni Àwọn Ọmọbìnrin Tí Ń Fò. Ère ni. Ọmọbìnrin mẹ́jọ tí ó ní ìyẹ́ lẹ́yìn pa agbo, àwọn ẹyẹ sì yí wọn ká. Ní ọdún 2017 ni a gbé e lọ sí àfihàn ńlá ti ìlú Venice ní Ítálì, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní ibùdó tirẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn Sim ni ó wà nídìí rẹ̀: ọmọ ọdún 10 tí wọ́n fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó, tí ó ń lá àlá ayé mìíràn níbi tí ó ti lè fò.

Ìtò iṣẹ́ náà yẹ ní àròjinlẹ̀. Ìdúró àwọn ọmọ náà tó ti ènìyàn gidi. Òǹwòran kò lè fojú kéré wọn bí ẹni ń wo ọmọláńgidi. Agbo tí wọ́n pa dà bí ti eré òṣùpá. Agbo kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀, kò sí ìránṣẹ́. Ọmọ tí ń dá jẹun ní ilé ìdáná wá di ara ẹgbẹ́.

Ìyẹ́ náà ni kókó. Láti ayé àtijọ́ ni ẹyẹ ti jẹ́ àmì agbára obìnrin. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹyẹ tí ó bà lé adé ìlẹ̀kẹ̀ ń rán ọba létí pé láìsí àwọn ìyá, adé kò lè dúró. Agbára tí ọba pàápàá ń bẹ̀rù ni oníṣẹ́ ọnà yìí gbé wọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù. Àwọn kan lè ní ìtùnú ni. Èrò yẹn kò jinlẹ̀ tó. Ojú àlá nìkan ni Sim ti ní ìyẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìgbálẹ̀ ni yóò bá lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀sùn ni ìyẹ́ náà jẹ́ fún àwọn àgbà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilé tí ẹ̀sùn náà ń lọ kò ní láti dé Venice. Ní Sùúrùlérè, ní Yábàá àti ní Múṣin, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń pọn omi. Yóò wẹ àwọn ọmọ ilé, yóò gbé báàgì wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, yóò sì padà wá gbé igbá ọjà kiri. Àwọn tí ń lò ó a máa fi àṣà gbe ara wọn: wọ́n ní ọmọ àgbàtọ́ ni, àti pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé àgbàtọ́ ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di ènìyàn pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ọmọ tọ́ a máa rán an ní ilé ìwé tàbí kí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tí ó ń san owó oṣù ọmọ fún alárinà, ó yá a lò ni. Òwe náà kò sì sọ pé kí a já ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ti wà ní ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Òfin ti sọ̀rọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, ti Ìpínlẹ̀ Èkó tẹ̀ lé e ní ọdún 2007. Òfin ọdún 2004 sì sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè wà ní gbogbo ilé ìdáná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá fọ aṣọ ilé ìwé kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó túmọ̀ iṣẹ́ ọnà yìí. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè orúkọ tí ìyá ọmọ náà sọ ọ́, kí ó sì bi àwọn òbí tirẹ̀ léèrè ọjọ́ tí ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.